Mujeebat Ará Bẹ́yẹrúnkà ní Ibùdó Ẹdun

Nínú agbo ilé Onífìlà ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹni tí kò bá lè sùn nínú ariwo kò ní í sùn rárá. Yàrá ń wọnú yàrá níbẹ̀, páànù orí ilé ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, bí èèyàn bá sì dúró ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn òpó ńláńlá tó wà ní gbọ̀ngàn Mápó ni yóò máa wò lókè. Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-kéú ń ka wàláà lábẹ́ ògiri, ìyàwó ilé kan ń bá èkejì ṣe àwàdà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ọlọ́kadà tó fẹ́ gba àárín ilé kọjá lọ sí Ọjà'ba sì ń fun fèrè mọ́ àwọn adìyẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Mujeebat sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, àtikékeré ló sì ti jẹ́ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe pé ojú ń tì í o. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ ra òwú àti bọ́tìnnì wá lọ́jà, yóò ná an débi tí olówùú fi máa rẹ́rìn-ín tí yóò sì gbà fún un. Bí olùkọ́ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, yóò dìde, yóò dáhùn, ohùn rẹ̀ á sì dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ bá ti tán, ó tán nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn wà tí àwùjọ máa ń fún lókun. Ní ti Mujeebat, bó bá pẹ́ láàárín èèyàn, ńṣe ló máa ń rí bí àmù tí gbogbo ilé ń bu omi inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pọn òmíràn sí i. Ó ní láti jókòó jẹ́jẹ́ kí omi náà tó tún sun padà. Muslimat, àbúrò rẹ̀, ló gba ẹnu àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn ṣe ẹjọ́ nínú agbo ilé.

Nígbà tó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tó ti kọ́ nípa ẹranko àti igi inú igbó, iṣẹ́ tó rí ni ti ibùdó ìwádìí kan tó wà nínú igbó ńlá ní ìhà ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń tọ àwọn ẹdun lẹ́yìn láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí wọ́n ń sùn. Bí èèyàn bá kọjá ìlú tó gbẹ̀yìn, ọ̀nà àwọn agégẹdú ni yóò máa tọ̀ títí yóò fi débẹ̀. Kò sí iná ìjọba, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àfi bí èèyàn bá gun orí àpáta kan tó wà lẹ́yìn ibùdó.

Ilé fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní àwọn rán ọmọ níwèé, ó wá jáde tán, ọ̀bọ ló fẹ́ máa lé kiri. Mujeebat náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ju bí ó ti fi hàn lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, igbó ni, èèyàn díẹ̀ ni, kẹ́kẹ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò pa. Ó rò pé ìsinmi gan-an ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ fún òun.

Àṣé èèyàn díẹ̀ lè pọ̀ ju èèyàn púpọ̀ lọ.

Ilé gígùn kan báyìí ni ilé ibùdó náà, pákó ni wọ́n fi kàn án. Àwọn ọkùnrin ní yàrá kan, àwọn obìnrin ní yàrá kan, pálọ̀ kan ṣoṣo sì wà láàárín. Nínú yàrá obìnrin, bẹ́ẹ̀dì kan wà lórí èkejì. Òkè ni ti Mujeebat, ìsàlẹ̀ ni ti Louisa. Ọmọ Òkè-Àdó ni Louisa, ọmọ olùkọ́ kan tó tún jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òun ló mọ orúkọ gbogbo igi tí àwọn ẹdun ń jẹ ewé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, inú rẹ̀ mọ́, bó bá sì rí iṣu kan, dandan ni kó bù ú fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ dà bí odò Kúdẹtì lóṣù kẹfà. Yóò fi ọ̀rọ̀ jí, yóò fi ọ̀rọ̀ fọ eyín, bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti bo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tán lálẹ́ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Olórí ibùdó, Dókítà Adégòkè, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣeré, ló tún wá fi òfin sí i. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń di ara wọn sínú títí tí iṣẹ́ fi dàrú, wọ́n sì ti pinnu pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú àwọn mọ́. Nítorí náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ jọ jẹun. Bí wọ́n bá jẹun tán, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọlé lọ. Oníkálukú yóò sọ bí ọjọ́ ṣe rí fún un, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ta káàdì wọ́ọ̀tì, wọn yóò kọrin. Dókítà a máa sọ pé níbi tí kò bá ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn fúnra àwọn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara àwọn.

Ìwọ̀nba ìrètí tí Mujeebat ní ni inú igbó. Ìyẹn náà ò bọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wọgbó nítorí ejò àti ọ̀nà tó ń dojú rú, méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí wọ́n sì fi ṣe èkejì Mujeebat ni Louisa. Òótọ́ ni pé nídìí ẹdun, èèyàn kò gbọ́dọ̀ pariwo, ṣùgbọ́n Louisa lè sọ ìtàn ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Mujeebat. Ó mọ ẹdun kọ̀ọ̀kan lójú, ó mọ èyí tí ìrù rẹ̀ ṣẹ́ àti ìyá tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ òun. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi máa padà délé, àmù rẹ̀ ti gbẹ, ìrọ̀lẹ́ wọ́ọ̀tì ló sì tún kù.

Ilẹ̀kùn kan péré ló ṣeé tì láti inú ní gbogbo ibùdó: ti balùwẹ̀.

Ibẹ̀ ló sá sí. Ní àkọ́kọ́, yóò wẹ̀ tán, yóò dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dojú korobá dé, ó ń jókòó lé e, ó ń wo sánmà, nítorí balùwẹ̀ náà kò ní òrùlé. Àwọsánmà ń kọjá, ẹyẹ ń kọjá, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé kí ló ń rò. Ara rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ kan ni gbogbo ilé ní, àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi parí èrò sí pé inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Louisa ló kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn. Ó rọra bi í bóyá inú rírun náà ṣì ń dà á láàmú. Ó yẹ kí Mujeebat sọ òótọ́, ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe máa sọ fún ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀ pé òun gan-an ni òun ń sá fún? Ó dáhùn láti inú balùwẹ̀ pé ó ti ń dín kù. Irọ́ kékeré yẹn ló bí àwọn yòókù. Ishaq, dírẹ́bà ibùdó, tó tún jẹ́ olùtọ́jú àpótí oògùn, gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà wá fún un, ó dúró tì í títí tó fi mu ún tán. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn kan tó korò bí ewúro. Louisa ń bá a pọn omi, ó ń bá a fọ aṣọ, ó sì ń jókòó tì í kí ó má baà dá wà. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sí i ló ń pẹ́ sí i ní balùwẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ sí i ni àyà wọn ń já. Níkẹyìn Dókítà ní kò sí àwíjàre, Ìbàdàn ni kó lọ gba ìtọ́jú. Ishaq gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n di ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí abiyamọ tuntun.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ le bí ọta. Wọ́n sáà ní kó lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó dé Bẹ́yẹrúnkà lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọdé dì mọ́ ọn, àwọn ìyàwó ilé ń kí i, ẹnìkan ń béèrè bóyá ọ̀bọ ti bù ú jẹ. Ó dáhùn gbogbo wọn, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì sùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, kéú ń lọ, ẹnìkan ń gún ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó sùn bí òkúta. Nígbà tó jí, ó rí i pé ara òun fúyẹ́, àfi bí ẹni tó ti lo oṣù kan níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Èyí ló wá di àlọ́ fún un. Èèyàn tó wà nínú ilé yìí fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti ibùdó lọ, ariwo ibẹ̀ sì lè jí òkú. Kí ló dé tí òun fi ń sinmi níbí, tí òun kò lè sinmi lọ́hùn-ún?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilé bàbá rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣọ́ ẹdun. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò. Ó rí i pé bí ìyá rẹ̀ bá fi ìborùn bo orí tán lẹ́yìn ìrun, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi ṣí i. Ó rí ìyàwó ilé kan tó ń ṣa ìrẹsì, tó gbé àtẹ lé itan tó kọjú sí kọ̀rọ̀. Àwọn yòókù kí i, wọ́n kọjá. Bàbá Àkíbù ló wá wò jù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí fìlà lára. Ní gbogbo òwúrọ̀, ògiri ni bàbá yìí máa ń kọjú sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé sì ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n á gbé aṣọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn ìrun Alaasari, bàbá á yí àga padà sóde. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń rọ́ wá, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìtàn sọ tó wọn ní gbogbo àdúgbò.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti yí àga padà, Mujeebat lọ kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ṣé inú kì í bí àwọn èèyàn pé ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn láràárọ̀?”

“Ta ni mo kọ ẹ̀yìn sí? Fìlà ni mo kọjú sí.”

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ há ara aṣọ, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ jókòó bẹ́ẹ̀, bàbá Mujeebat gan-an bínú, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bá òun yan odì. Àwọn pè é, àwọn ṣàlàyé fún un. Àwọn pe àwọn ìyàwó ilé, àwọn sọ fún àwọn náà.

“Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí bá a bẹ́ẹ̀, ẹ rò pé bí ilé ṣe rí látọ̀run nìyẹn,” ni bàbá wí. “Ẹnu la fi sọ ọ́. Ilé tó kún bí èyí, bí a kò bá mọ bí a ṣe ń yọ̀ǹda àyè fún ara wa, a ó ti pa ara wa jẹ.”

Mujeebat wá ro ẹjọ́ balùwẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Àkíbù rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi já bọ́ sórí fìlà. Wọn kò fún un ní ìmọ̀ràn kankan. Wọ́n kàn bi í bóyá omi oníyọ̀ náà dùn, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Kò sì nílò ìmọ̀ràn. Ohun tó ń wá ti yé e. Àwọn èèyàn ibùdó kì í ṣe èèyàn burúkú. Inú ilé tí oníkálukú ti ní yàrá tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Òun tí wọ́n bí sínú èrò, òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún wọn.

Nígbà tí Ishaq wá gbé e nísàlẹ̀ òkè Mápó, Mujeebat fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì gba ìrọ̀rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, bí wọ́n ti jẹun tán, ó dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn fún ìtọ́jú wọn. Ó wá sọ fún wọn pé inú kò run òun rí. Ó ní òun jẹ́ ẹni tí àárín èrò máa ń tán lókun, àti pé balùwẹ̀ nìkan ni òun ti ń rí àyè jókòó. Ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, bí òun bá sì bínú, òun yóò sọ ọ́ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí òun ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé bẹ́ǹṣì kan lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú sí igbó, kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí a ó kàn kí, tí a ó sì kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ishaq kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí omi oníyọ̀ náà, ó tún dákẹ́. Dókítà Adégòkè bi í bóyá àwọn ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní rárá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yìí kò tíì yé àwọn, ṣùgbọ́n kí ó gbé e síbẹ̀ ná, kí àwọn wò ó. Louisa ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì tọ ẹdun lọ láti àárọ̀, Louisa kò sì ya ẹnu. Ó ń wo igi, ó ń ká ewé, ó ń rìn. Ohun tí Mujeebat ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló wá dé, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń ká a lára. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ìdákẹ́ kò jọ ìdákẹ́. Nígbà tí àwọn ẹdun fi orí igi kan ṣe ibi oúnjẹ, tí àwọn náà sì jókòó sísàlẹ̀, ó yíjú sí i.

“Louisa, irọ́ tí mo pa fún ẹ ló dùn ẹ́, àbí dídákẹ́ mi?”

Louisa já ewé kan, ó ń fà á ya. “Irọ́ yẹn ni. Mo ń fọ aṣọ ẹ. Mo ń gbàdúrà fún ẹ.”

“Mo bẹ̀ ẹ́ fún irọ́ yẹn. Kò dáa, mi ò sì ní ṣe irú ẹ̀ mọ́. Dídákẹ́ mi ni mi ò lè bẹ̀bẹ̀ fún. Bí Ọlọ́hun ṣe dá mi nìyẹn.”

Louisa wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Ó wá sọ pé òun nìkan ni ọmọ nílé àwọn. Bí ilé bá ti dákẹ́ ní Òkè-Àdó, bàbá òun ló ń bínú yẹn, ìyá òun á máa yọ́ rìn, òun á sì máa wá ọ̀rọ̀ kan sọ tí yóò mú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré, òun kò rí ìdákẹ́ kan rí tí kò ní ìbínú nínú.

“Nílé tiwa,” ni Mujeebat dáhùn, “ẹni tó bá ń bínú ló máa ń pariwo.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Louisa, ó fi ọwọ́ bò ó kí àwọn ẹdun má baà sá. Ìgbà tí wọ́n fi máa padà sílé, ó ti ń sọ ìtàn ìbátan rẹ̀ kan tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, Mujeebat sì ń gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ ń bi í ní ìbéèrè, nítorí ó ti mọ̀ pé àyè ìjókòó wà níwájú.

Bẹ́ǹṣì náà dúró. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, Mujeebat nìkan ló ń lò ó. Yóò jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, lẹ́yìn náà ni yóò wọ pálọ̀, yóò gba káàdì, tí yóò sì na gbogbo wọn nínú wọ́ọ̀tì, nítorí orí rẹ̀ ti balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jáde bọ̀, ó rí i pé ẹnìkan ti gba ibẹ̀. Dókítà Adégòkè ni. Wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ta ìró lé e, wọ́n ń wo igbó. Ó hàn pé ó ti rẹ̀ wọ́n láti jẹ́ ìyá gbogbo ilé.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,” ni Mujeebat wí, ó sì kọjá.

Láti ọjọ́ náà, òfin pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé lẹ́yìn oúnjẹ di ohun tí a kò gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta wọ́ọ̀tì ń ta á. Louisa nìkan ni kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà rí títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ òun.

Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí. Mujeebat ló wá ń darí àwọn tó ń tọ ẹdun. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, òun ló ń mú un yí ibùdó ká, kì í sì í fi àkókò ṣòfò kó tó bi í pé ṣé ẹni tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ni tàbí ẹni tó ń fẹ́ àyè, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò fi í sí. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun tí oníkálukú ti ní yàrá tirẹ̀, òun ni Dókítà kọ́kọ́ na kọ́kọ́rọ́ sí. Kò ṣe bí ẹni tó ń tijú. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Louisa ti di olùkọ́ ní Ìlọrin. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Mujeebat wá fi ọdún Iléyá sílé, Louisa wá kí i ní Bẹ́yẹrúnkà. Òun àti ìyá Mujeebat àti Muslimat pàdé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ kí Louisa tó bọ́ bàtà. Àwọn ìyàwó ilé gbé àpótí wá, wọ́n jókòó yí i ká. Ìgbà tí wọ́n fi máa bu ẹran fún un, ó ti mọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ ilé, ó sì ti mọ ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà. Mujeebat bá wọn jókòó, ó gbádùn wọn dé ibi tó lè gbádùn wọn dé. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra ohun mímu tútù wá fún àlejò.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ ilé wọn tó ń tà á. Mujeebat kọjá rẹ̀, ó gba ọ̀nà Bẹẹrẹ tó jìn jù, ó rọra ń lọ.